Ọdẹ́yalé àti Àpótí Olórí Mẹ́jọ Tó Ń Ṣírò Omi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò. Ẹni tó jókòó sí ìdí ògiri lọ́hùn-ún, kó gbé àga rẹ̀ wá síbí, nítorí ohùn mi kì í ṣe ohùn ìjọsí mọ́, n kò sì ní pariwo nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké, kó fún un lọ́mú. Ẹni tó bá fẹ́ sùn, kó lọ sùn nílé ara rẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe tèmi, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ̀ pé tèmi pọ̀ nílẹ̀. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo bá ẹfọ̀n jìjàkadì nígbó Ẹlẹ́gùn-ún títí ẹfọ̀n fi ní òun fẹ́ lọ mumi, tí kò sì padà wá. Èmi náà ni mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan tí ẹtù méjì ṣubú, tí ẹ̀kẹta sì dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀ láti fi bọ̀wọ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ìrìn tí Ọdẹ́yalé ọ̀rẹ́ mi rìn, èmi ò rìn ín. Inú àgọ́ ọdẹ tí a jọ ń gbé ni ó ti sọ ọ́ fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Ìlú wa nígbà náà ni Ìsàlẹ̀-Òdògbó, létí odò Èwúrù. Lókè odò náà, àwọn kan wá mọ odi ńlá dí omi, odi tó ga ju ọ̀pẹ lọ, tó ní ilẹ̀kùn irin nísàlẹ̀. Bí òjò bá ti pọ̀ jù, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn yìí kí odi má baà wó. Lọ́dún kan, wọ́n ṣí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Omi wọ ìsàlẹ̀ ìlú, ó gbé ewúrẹ́, ó gbé ìkòkò, ó sì gbé Ẹfúnyẹlá, ìyàwó Ọdẹ́yalé, láti inú ilé rẹ̀. Inú igbó ni Ọdẹ́yalé wà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí omi fà ni wọ́n rí òkú obìnrin náà lábẹ́ igi kan, wọ́n sì sin ín.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara ọkùnrin yìí ti kú. Kì í ṣe pé ó ń sunkún. Ì bá sàn kó sunkún. Ó kàn wà ni. Bí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, á dáhùn. Bí ẹ ò bá bi í, á jókòó síbẹ̀. Oòrùn á pa á, kò ní sún. Òjò á pa á, kò ní sún. Èmi tí mo pa Baálẹ̀ lẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tí mo mọ̀ fún un, ó wo ẹnu mi títí mo fi pa á dé.

Ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Ìbídùn. Nígbà tí ìyá kú, Ìbídùn fi ilé ọkọ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, ó padà wá jókòó sí yàrá ìyá rẹ̀, ó ní òun ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọkọ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Bàbá ní tirẹ̀ ti kó wá sí àgọ́ lọ́dọ̀ mi, nítorí kò lè sùn nínú ilé náà. Àwọn méjèèjì ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọn ò jà o. Ẹ kúkú mọ àṣà wa. Ọmọ ló yẹ kó wá kí bàbá, bàbá kì í wá ọmọ lọ láti kí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àgbà ló ń dá ọ̀rọ̀ òkú sílẹ̀, ọmọ ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ ìyá rẹ̀ tó kú níwájú bàbá. Bàbá wá ń retí kí ọmọ wá kí òun, ọmọ ń retí kí bàbá wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, oṣù sì ń gorí oṣù.

Òjò ọdún kejì ti fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn olódi ránṣẹ́ pé àwọn á tún ṣí ilẹ̀kùn. Ìlú dàrú. Àwọn kan ní kí gbogbo ènìyàn kó lọ sórí òkè. Àwọn kan ní omi ò lè dé ibi tó dé tẹ́lẹ̀, pé ṣe ni wọ́n fẹ́ fi ọgbọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn. Baálẹ̀ rán ènìyàn sí Ìbídùn pé kó jáde kúrò ní ìsàlẹ̀. Ìbídùn ní, "Ẹ bá mi sọ fún Baálẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá lè sọ fún mi pé òun fojú rí i pé omi máa wọ yàrá yìí, màá kúrò. Bí kò bá sí, ibí ni màá bímọ sí."

Baálẹ̀ wá pe àwa ọdẹ jọ. Ó ní òun gbọ́ nípa ìlú iwin kan tí wọ́n ń pè ní Aṣíròomi, níbi tí wọ́n ti ń fi omi tí kò tíì ṣàn han ènìyàn. Ó ní, "Ta ló máa lọ?" Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ wa. Èmi ì bá lọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa, ṣùgbọ́n orúnkún ń dùn mí lọ́jọ́ náà gan-an. Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Orúnkún ń dùn mí!

Ọdẹ́yalé ní, "Màá lọ." Bí ẹni tí wọ́n rán níyọ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà.

Igbó tó kọ́kọ́ wọ̀ ni igbó Olójú-lórúnkún. Iwin yìí ò ní ojú lórí, orúnkún rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ láti etí dé etí. Ó fò jáde láti ẹ̀yìn igi, ó ké ramúramù, ewé já bọ́ lórí igi. Ọdẹ́yalé dúró, ó ń wò ó.

Iwin ní, "Ṣé o ò rí mi ni?"

"Mo rí ọ."

"Àyà rẹ ò já?"

"Kò já."

"Fọwọ́ kàn án wò, bóyá ó ti já tí o ò mọ̀."

Ọdẹ́yalé fọwọ́ kan àyà. Ó ní, "Kò já."

Ni iwin bá jókòó sílẹ̀, ló bá bú sẹ́kún lórúnkún méjèèjì. Ó ní ìpayà ènìyàn ni oúnjẹ òun, òun ò sì tíì jẹun láti ìgbà tí àwọn ọdẹ ti ń gba ọ̀nà mìíràn. "Bá mi páyà díẹ̀, jọ̀ọ́. Kó tilẹ̀ jẹ́ òkèlè kan."

"Mi ò ní."

"Ta ló kó tìrẹ lọ?"

"Omi ni."

Iwin bá yẹra lọ́nà fún un. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn! Èmi tí mo ti lé iwin títí iwin fi gun àgbọn, mi ò rí irú èyí rí, pé kí iwin máa káàánú ènìyàn.

Lẹ́yìn igbó yìí ló dé ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ẹyọ-Kan. Nílùú Ẹyọ-Kan, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnì kan bá ń jẹun, àwọn yòókù á ya ẹnu sílẹ̀, wọ́n á máa dúró. Bí ó bá gbé òkèlè mì tán, ó di ti ẹni tó tẹ̀ lé e. Obìnrin kan gbé odó síwájú, ó gbé ọmọ odó sókè, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ nítorí ẹnì kan ń sín lọ́wọ́ ní ìpẹ̀kun ìlú. Ọba wọn ní orí kan tó tóbi bí abà, òun ló sì ń bá gbogbo ìlú ronú.

Ọdẹ́yalé sọ ohun tó ń wá fún un. Ọba ní, "Ìṣírò kékeré nìyẹn. Màá gé odò rẹ sí wẹ́wẹ́. Màá mú èyí tó ṣáájú, màá béèrè pé omi mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, apá ibo ló rẹlẹ̀ jù. Bí mo bá ṣe é tán, màá mú èkejì. Bí mo bá dé ìparí, màá padà síbẹ̀rẹ̀, nítorí omi ti sún nígbà náà. N kì í ṣì í."

"Nígbà wo lẹ máa parí?"

Ọba di ojú, gbogbo ìlú dúró. Ó la ojú. "Nígbà tí ọmọ tó wà nínú ikùn ọmọ rẹ bá hu ewú."

"Òjò ti fẹ́ẹ́ dé."

"Ìyẹn ò kàn mí," ni ọba wí. "Ìdáhùn tó péye lo béèrè, o ò béèrè èyí tó yá."

Ọdẹ́yalé dìde, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó fẹ́ dágbére, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ní ìlú náà, wọn ò sì gbà fún un.

Ó wá dé ẹnubodè Aṣíròomi. Oníbodè kan jókòó síbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Ó ní, "Kí ni ohun tí ènìyàn mẹ́jọ ń ṣe pọ̀, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan ṣoṣo bá kọ̀, gbogbo wọn ò ṣe é mọ́?"

Ọdẹ́yalé ní, "Dídákẹ́ ni."

Oníbodè fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Iṣẹ́ ni ìdáhùn tí wọ́n fún mi. Iṣẹ́ àjọṣe. Ṣùgbọ́n tìrẹ náà tọ̀nà, kò sì sí ẹni tó dáhùn bẹ́ẹ̀ rí." Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ìyá arúgbó kan ló jáde pàdé rẹ̀, obìnrin iwin kékeré tí omi ń kán ní ìka ọwọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìyá Aṣíròomi ni wọ́n ń pè é.

Ó ní, "Ta ló rán ọ?"

"Ìlú mi ni, mà."

"Kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́ mọ̀?"

"Kò sí."

Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó sì mú un wọlé. Nínú ilé náà ni àpótí irin kan wà, tó ga bí abà, tó ń hó wùù bí ilé oyin. Wọ́n ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sílẹ̀. Iyàrá mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, iwin kan sì jókòó sí iyàrá kọ̀ọ̀kan, iwin tó jẹ́ kìkì orí, tí kò ní ọwọ́, tí kò ní ẹsẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ ń tàn wírí lábẹ́ awọ. Níwájú àpótí ni dígí ńlá kan wà, inú dígí náà ni wọ́n ti ń rí ohun tí àwọn orí ń ṣírò.

Kí lò ń sọ, Ráímì? Pé kọ̀ǹpútà nìyẹn? O ṣeun. Ráímì tó ń tún fóònù ṣe ti mọ orúkọ rẹ̀. Ọdẹ́yalé ò mọ̀ ọ́n, àpótí ló pè é fún mi, àpótí náà ni màá sì máa pè é. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi.

Ìyá ní, "Ọba Ẹyọ-Kan ò purọ́ fún ọ. Bí a ṣe máa ń ṣírò omi nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí orí kan bá dá a ṣe, omi á ti dé kí ìdáhùn tó dé. Nítorí náà la ṣe ń pín ilẹ̀ ìlú sí ọ̀nà mẹ́jọ, tí orí mẹ́jọ sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò kan náà ni mo kọ́ gbogbo wọn, ilẹ̀ tó wà níwájú wọn ló yàtọ̀."

Ọdẹ́yalé ní, "Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?"

"Omi ò mọ ààlà tí a là. Èyí tó ń jáde lọ́dọ̀ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ló ń lọ. Bí wọ́n bá gbé ìṣísẹ̀ kan, gbogbo wọn á dúró. Olúkúlùkù á sọ ohun tó wà létí ààlà rẹ̀ fún aládùúgbò, á sì gbọ́ ti aládùúgbò. Bí gbogbo wọn bá ti gbọ́ tán, wọ́n á tún gbéra. Ẹni tó bá pẹ́, gbogbo ilé ló ń dúró dè é."

Ó pín ilẹ̀ Ìsàlẹ̀-Òdògbó fún wọn. Níbẹ̀rẹ̀ ó pín in ní ọgbọọgba, àmọ́ orí tó gba òkè gbígbẹ parí kíá, ó ń sùn, orí tó gba ìsàlẹ̀ ìlú sì ń làágùn, torí ibẹ̀ ni omi pọ̀ sí. Ìyá tún un pín. Ó fún olókè ní ilẹ̀ tó fẹ̀, ó fún onísàlẹ̀ ní èyí tó kéré, kí iṣẹ́ wọn lè dọ́gba. Ààlà orí kẹfà àti orí keje wá bọ́ sí àárín ẹ̀yìnkùlé Ọdẹ́yalé.

Ìyá tún ní, "Kí a tó sọ ti òjò tó ń bọ̀, a máa kọ́kọ́ sọ ti èyí tó kọjá. Bí àpótí bá sọ èyí tó ti ṣẹlẹ̀ bó ṣe rí gẹ́lẹ́, a lè gbà á gbọ́ lórí èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, níbo ni omi dé lára ògiri ilé rẹ?"

Ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni ò bi ọkùnrin yìí léèrè ọ̀rọ̀ omi yẹn rí. Ojú ń tì wá, àánú ń ṣe wá, a dákẹ́. Ọdẹ́yalé fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

"Ó dé ibí. Ipa rẹ̀ ṣì wà lára ògiri."

"Ibo ló gbà wọlé?"

"Mi ò sí nílé. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù."

Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó ń retí kí ìyá bi í pé ta ló wà nínú ilé. Ìyá ò bi í.

Àpótí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú dígí, Ọdẹ́yalé rí odò Èwúrù, ó rí odi, ó rí òrùlé kọ̀ọ̀kan, omi sì ń ti òkè bọ̀ ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀. Ìyá ní, "Mò ń lọ fi ara mi sínú omi díẹ̀. Irú mi ò gbọdọ̀ gbẹ. Máa wò wọ́n, ṣùgbọ́n má ṣe bá wọn sọ̀rọ̀." Ó bá jáde.

Ẹ̀yin ènìyàn, ariwo àwọn orí náà ò kéré. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Olúkúlùkù ń pariwo sí etí ẹnì kejì, ó sì ń gbọ́ ti ẹnì kejì nínú ariwo kan náà. Èyí tó kéré jù, tí kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ, ń jágbe mọ́ àgbà tó jókòó tì í. Kò kí i, kò rẹ ohùn sílẹ̀. Ọdẹ́yalé kò bínú o, kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé ò dúró de ìbínú, ẹnu ènìyàn ló ń gbà jáde.

Ó ní, "Ẹ dákẹ́! Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín nìyí? Ọmọdé ń jágbe mọ́ àgbà!"

Àwọn orí dúró. Ẹnì kankan ò bá wọn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tó kéré jù ní, "Báwo ni ká ṣe máa ṣe é, sà?"

"Ẹ tò tẹ̀lé ara yín bí ẹ ṣe dàgbà sí. Ọmọdé kì í dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ níwájú àgbà. Kó dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àgbà náà kì í wá ọmọdé kí. Kó dúró kí àbúrò kọ́kọ́ kí òun."

Gbogbo wọn ní, "Ó ti yé wa, sà."

Ilé bá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọdẹ́yalé jókòó sínú ìdákẹ́jẹ́ náà. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Rárá o, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò kàn dùn ún ni. Nínú dígí, omi ti dé àárín ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó ní kò sí ibi tó bá òun lára mu tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Ẹfúnyẹlá ti kú. Lójú fèrèsé, ojú ọ̀run ń ṣú lápá ibi tí ìlú wa wà, kò sì gbé orí sókè.

Ìgbà tí ìyá wọlé padà, ó fọwọ́ kan àpótí, ó fa ọwọ́ yọ. Ó gbóná janjan.

"Ṣé wọ́n ń sinmi ni?" ni Ọdẹ́yalé béèrè.

"Wọn ò sinmi o. Dídúró de ara wọn náà ń rẹ̀ wọ́n bí iṣẹ́. Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ilé ni."

Ìyá tẹ̀ sí iyàrá keje. "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

Orí keje ní, "Mò ń dúró kí ẹ̀gbọ́n mi dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mà."

Ó yí sí ẹ̀kẹfà. "Ìwọ ńkọ́?"

"Àbúrò mi ò tíì kí mi."

Ìyá yíjú sí Ọdẹ́yalé, omi ń kán ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Èwo nínú àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀?"

Ọdẹ́yalé ní, "Kò sí èyí tó ṣẹ̀."

"Nígbà wo ni wọ́n máa wá sọ̀rọ̀?"

Ọdẹ́yalé wo omi tó dúró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rántí Ìbídùn nínú yàrá ìyá rẹ̀, pẹ̀lú oyún, tó kọjú sí ògiri, tó ń dúró kí òun wá dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó rántí ara rẹ̀ ní àgọ́, tó ń dúró kí ọmọ wá kí òun. Ó ní nǹkan kan sún díẹ̀ nínú òun, bí ẹsẹ̀ tó ti kú tó fẹ́ jí, kò sì dùn mọ́ òun rárá.

Ìyá ní, "Èmi ò lè tú u. Ìwọ lo dì í mọ́ wọn. Ìwọ ni wọ́n gbà lágbà nínú ilé yìí, lọ kí èyí tó kéré jù."

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ọkùnrin tó kọjá lára Olójú-lórúnkún láìṣẹ́jú, ahọ́n rẹ̀ wúwo. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, kò tíì kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró níwájú orí kékeré náà. Ó wá tẹ̀ ba.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ọdẹ́yalé wí.

Orí kékeré ní, "Ṣé èmi, sà?"

"Ìwọ ni. Má dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Sọ tìrẹ, kó o máa gbọ́ ti ẹnì kejì bó o ṣe ń sọ ọ́."

Orí kékeré bá figbe ta. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbọ́, òun náà figbe ta. Ariwo gba ilé kan, omi sì sún nínú dígí. Ó kọjá ààlà, ó kọjá ẹ̀yìnkùlé, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé Ọdẹ́yalé. Ó ń gun ògiri díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ìwọ̀n àyà, ó sì dúró síbẹ̀, níbi tí ipa rẹ̀ wà gẹ́lẹ́. Ìyá ní, "Ó bá a mu." Ọdẹ́yalé ò gbọ́ ọ. Ó ti fi ojú mọ́ dígí, ó ń wo inú yàrá.

"Níbo ló wà?"

"Ta ni?"

"Ìyàwó mi. Inú ilé ló wà nígbà tó wọlé."

Ìyá rọ ohùn. "Omi àti ilẹ̀ àti ògiri nìkan la kó sínú rẹ̀, ọmọ mi. A ò kó ènìyàn sí i."

Ọdẹ́yalé ń wo yàrá náà. Omi yí ká inú rẹ̀, ó kan igun, ó padà, kò sì sí ẹni tó bá pàdé. Ó ní òun ò lè sọ bó ṣe rí lára òun, nítorí òun ò mọ ohunkóhun lára. Ó kàn wò ó títí ó fi parí.

Wọ́n wá ṣírò ti òjò tó ń bọ̀. Òun ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé bákan náà, ó bo fèrèsé, ó bo àtẹ́rígbà, ó kù díẹ̀ kó kan òrùlé. Ọdẹ́yalé ní, "Ẹ fún mi ní dígí yìí kí n fi han ọmọ mi." Ìyá ní dígí náà ò ní tàn níta igbó. Ó ní, "Ẹnu rẹ nìkan lo máa mú lọ."

Ẹ má bi mí bó ṣe padà délé, ó yára ju bó ṣe lọ lọ. Kìkì pé Olójú-lórúnkún tún fò jáde lọ́nà, ó fimú fà, ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀! Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ti wà níbẹ̀!" Àyà Ọdẹ́yalé ń já nítorí ọmọ rẹ̀. Iwin lá ètè, ó wá rò ó, ó ní, "Máa gbé e lọ. O máa lò ó nílé."

Ọdẹ́yalé kọjá lójúde Baálẹ̀, kò yà. Ó kọjá lẹ́nu àgọ́, mo pè é, kò dáhùn. Ilé rẹ̀ ló lọ. Ìbídùn jókòó sórí ẹní nínú yàrá ìyá rẹ̀, ó gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, kò yíjú. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbídùn," ni Ọdẹ́yalé wí, "ẹ kúulé o."

Ọmọ náà ta gìrì. Ṣé bàbá ló ń kí òun? Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ikùn ò jẹ́. "Ẹ káàbọ̀, bàámi."

"Omi máa wọ yàrá yìí. Mo fojú mi rí i. Ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà, bó ṣe gbà á lọ́jọ́ ti ìyá rẹ."

Ìbídùn gbọ́ tí ó dárúkọ ìyá. "Ẹ rí màámi níbẹ̀?"

"Mo wá a. Kò sí níbẹ̀. Omi nìkan ni."

"Mò ń rò pé bí mo bá kúrò níbí, mo fi í sílẹ̀ nìyẹn."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀," ni bàbá wí. "Kò sí níbẹ̀, Ìbídùn. Dìde, ká lọ."

Ó na ọwọ́ sí i. Ìbídùn dì í mú, ó dìde. Nígbà tí ìlú rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń gòkè, bàbá ru ẹní, ọmọ mú àtùpà, kò sí ẹni tó tún jiyàn mọ́. Gbogbo ìsàlẹ̀ kó sórí òkè. Ibẹ̀ ni Ìbídùn bí ọmọkùnrin kan sí, nínú abà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́, abà tí kò jò, ẹ lè béèrè.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn odi. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo wa dúró lórí òkè, a ń wo ìsàlẹ̀. Omi dé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé Ọdẹ́yalé wọlé, ó bo fèrèsé, ó bo àtẹ́rígbà. Mo wo ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, ẹnu mi ò ṣí. Ó gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ojú rẹ̀ wà lára ilé náà. Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ó kún. Ó kún bí mo ṣe rí i. Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."

Ló bá bú sẹ́kún. Ó sunkún lọ́jọ́ náà títí omi fi fà.

Ibi tí ó bá mi sọ ọ́ dé nìyẹn, ibẹ̀ ni èmi náà bá yín dé. Ẹ gbé àga yín. Kí ẹni tó bá jókòó ti ẹnì kejì láti ìgbà yìí wá láìkí i kọ́kọ́ kí i bó bá ń dìde.